Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B: Àrùn tí ìyá ń kó ran ọmọ láìmọ̀

Bí ojú ẹnìkan bá pọ́n bí ìyeyè, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bí omi àgbo, ibà pọ́njúpọ́njú ni àwọn ará ilé máa ń kọ́kọ́ pè é. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní hepatitis B ló wà nídìí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in ni kò mọ̀. Ó lè wà lára fún ogún ọdún kó tó di ikùn wíwú tàbí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí, mílíọ̀nù 254 ènìyàn ló ní in ní ọdún 2022, ó sì pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.1 lọ́dún náà.

Ẹ̀jẹ̀ àti ìbálòpọ̀ ló ń gbà ràn. Abẹ onígbàjámọ̀ àti ọ̀bẹ olóolà tí wọn kò sè lè gbé e. Àwo oúnjẹ kò lè gbé e. Ẹni tó ya àwo aláìsàn sọ́tọ̀ kàn ń fìyà jẹ ẹ́ lásán ni.

Ti ọmọ tuntun ló burú jù. Nínú ìkókó 10 tó bá kó o, bíi 9 ni kì í kúrò lára wọn mọ́. Láti 2004 ni Nàìjíríà ti fi abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kún ti ọmọdé. Láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí ọmọ ló yẹ kó gba àkọ́kọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà lóko: ọmọ tí wọ́n bí sílé, tí wọ́n sọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ kí wọ́n tó gbé e lọ gba abẹ́rẹ́, ti pẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì sàn ju kó má gbà á rárá lọ.

Aboyún lè béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá bá a lára rẹ̀, òògùn tenofovir lè mú un rọlẹ̀ kó tó bímọ.