Òpó-Ohùn Òde Òní nínú Fáólìnì: Fífi Sí Ipò àti Títún Un Ṣe

Àṣamọ̀

Nínú fáólìnì kọ̀ọ̀kan, òpó kékeré kan wà tí ojú kì í tètè rí, bẹ́ẹ̀ òun ni ohùn ohun èlò náà gbára lé. Igi ni wọ́n fi ń ṣe é láti ìgbà pípẹ́. Ní òde òní, àwọn kan ti ń fi fọ́nrán kábọ̀nù ṣe é, wọ́n sì ti mú kí gígùn rẹ̀ ṣeé fi kún tàbí kí ó ṣeé dín kù. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé iṣẹ́ tí òpó náà ń ṣe, ohun tó mú ti ìgbàlódé yàtọ̀ sí ti àtijọ́, bí wọ́n ṣe ń fi í sí ipò, àti bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé bí ẹnu òpó ṣe bá ara fáólìnì mu ṣe pàtàkì ju ohun tí wọ́n fi ṣe òpó náà lọ. Àti pé ìrọ̀rùn tí òpó ìgbàlódé mú wá lè di ewu lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ìwọ̀n.

Ìfáàrà

Fáólìnì kì í ṣe àjèjì mọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó wà ní ilé ìjọsìn, ó sì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní orin. Ohun èlò orin tí wọ́n ń fi ọrun ta kò sì ṣàjèjì sí Yorùbá rárá, nítorí gòjé ń dún nínú orin sákárà irú èyí tí Yusuf Olatunji kọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń yí okùn fáólìnì títí ohùn rẹ̀ yóò fi gún ni kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí òpó inú bá ṣubú, wọn a rò pé fáólìnì ti bàjẹ́. Èyí tó tún burú jù ni pé àwọn mìíràn a fi okùn sílẹ̀ ní líle bó ṣe wà, títí ojú fáólìnì yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rì wọlé.

Àwọn Faransé ń pe òpó yìí ní âme, àwọn ará Ítálì sì ń pè é ní anima. Ọ̀rọ̀ méjèèjì túmọ̀ sí ọkàn tàbí ẹ̀mí. Òpó-ohùn ni orúkọ tí àpilẹ̀kọ yìí yóò máa lò, nítorí pé ó dúró bí òpó ilé, ohùn sì ni ó wà fún.

Iṣẹ́ tí Òpó-Ohùn ń Ṣe

Igi róbótó tẹ́ẹ́rẹ́ ni òpó-ohùn onígi. Ìbú rẹ̀ nínú fáólìnì àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi mìlímítà 6 sí 6.5 lọ. Ó dúró láàrin ojú fáólìnì àti ẹ̀yìn rẹ̀, ní abẹ́ ẹsẹ̀ afárá tó wà ní ìhà okùn tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ. Kì í ṣe abẹ́ ẹsẹ̀ náà gan-an ló wà. Ó fi mìlímítà bíi méjì sí mẹ́ta sún sẹ́yìn rẹ̀. Wọn kì í fi àtè lẹ̀ ẹ́. Bí ojú àti ẹ̀yìn ṣe há a mọ́ra ni kò jẹ́ kí ó ṣubú. Ní ìhà kejì, níbi tí okùn tó nípọn jù lọ wà, ọ̀pá gígùn kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ ojú fáólìnì.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni gbígbé ẹrù. Bí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá le dé ibi tí ohùn ti gún, agbára tí wọ́n jọ fi ń fa ara wọn ju kìlógíráàmù 20 lọ. Apá kan nínú agbára yìí ni afárá ń tì sísàlẹ̀ sórí pátákó tí kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta lọ. Òpó wà lára ohun tí kò jẹ́ kí pátákó náà rì.

Iṣẹ́ kejì ló jinlẹ̀ jù. Bí ọrun ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lórí okùn, afárá ń mì sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá ń tẹ ojú fáólìnì mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ kejì ń gbé e sókè. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá lágbára bákan náà, afẹ́fẹ́ tí ọ̀kan ń tì jáde ni èkejì yóò máa fà wọlé; ohùn tó jáde yóò sì kéré. Òpó-ohùn ló ń ba ìdọ́gba yìí jẹ́. Ó mú kí ẹsẹ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró gbọn-in, kí èkejì lè máa mi ojú fáólìnì dáadáa. Nípa bẹ́ẹ̀, gbogbo inú fáólìnì ń fẹ̀, ó sì ń sún kì bíi ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, afẹ́fẹ́ sì ń gba ihò méjèèjì tó wà lójú rẹ̀ wọlé jáde. Yàtọ̀ sí èyí, òpó ń gbé gbígbọ̀n láti ojú lọ sí ẹ̀yìn. Félix Savart (1791–1841), onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì wo bí fáólìnì ṣe ń ṣiṣẹ́.

Gòjé kò ní òpó nínú. Awọ ni wọ́n fi bo igbá rẹ̀, okùn kan ṣoṣo ló sì ní. Ẹrù tó wà lórí awọ náà kò tó èyí tó wà lórí pátákó fáólìnì. Ẹni tó bá gbé méjèèjì kalẹ̀ níwájú akẹ́kọ̀ọ́ ti rí ọ̀nà tó rọrùn láti ṣàlàyé ìdí tí òpó fi di dandan nínú ọ̀kan tí kò sì sí nínú èkejì.

Òpó Onígi àti Òpó Ìgbàlódé

Igi spruce ni wọ́n fi ń ṣe òpó àtijọ́, nítorí ó fúyẹ́, ó sì le. Ojú fáólìnì kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó tẹ̀ kọrọdọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yìn rẹ̀. Nítorí náà, oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ọ̀bẹ gé orí àti ìdí òpó ní ìdagẹ̀rẹ̀ títí wọn yóò fi bá ibi tí wọ́n fara kàn mu láìsí àlàfo. Bí ó bá gé e kúrú ju bó ṣe yẹ lọ, kò sí àtúnṣe. Ó di dandan kí ó gé òmíràn.

Oríṣìí méjì ni èyí tí wọ́n fi fọ́nrán kábọ̀nù ṣe. Fọ́nrán wọ̀nyí dà bí òwú tín-ínrín. Wọ́n fi oje alẹ̀mọ́ dì wọ́n pọ̀ títí wọ́n fi le bí irin, síbẹ̀ tí wọ́n fúyẹ́. Oríṣìí kìn-ín-ní kò ní ohun tí wọ́n ń yí. Gígé ni wọ́n ń gé e bíi ti igi. Oríṣìí kejì ló mú ìyàtọ̀ wá. Àárín rẹ̀ ní ojú ìlọ́ bíi ti bóòtù àti nọ́ọ̀tì, èyí tí wọ́n ń yí láti mú un gùn tàbí láti mú un kúrú. Orí àti ìdí rẹ̀ ní oríkèé bíi ti eegun èjìká, tó ń jẹ́ kí wọ́n dagẹ̀rẹ̀ fúnra wọn títí wọn yóò fi jókòó dáadáa. Wọ́n tún máa ń fi igi sí ibi tó fara kan fáólìnì nínú àwọn kan, kí ó má baà gé pátákó náà lára.

Fífi Òpó Ìgbàlódé Sí Ipò

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni dídẹ okùn. Wọ́n máa ń tẹ́ aṣọ sórí fáólìnì lábẹ́ ibi tí wọ́n so ìdí okùn mọ́, kí ohun tó bá ṣubú má baà há a lára. Lẹ́yìn èyí, wọn a yí òpó náà títí yóò fi kúrú ju àlàfo inú fáólìnì lọ, wọn a sì gba ihò ojú fáólìnì kì í bọ inú pẹ̀lú irin tó tẹ̀ bíi lẹ́tà S. Bí ó bá ti dúró lóòró, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í mú un gùn díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń dáwọ́ dúró ni kókó iṣẹ́. Òpó gbọ́dọ̀ fara kan ojú àti ẹ̀yìn, kí ó sì dúró fúnra rẹ̀ láì sí okùn. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ti ojú fáólìnì sókè. Wọ́n lè gba ihò kékeré tó wà ní ìdí fáólìnì, níbi tí èèkàn ìsàlẹ̀ ń wọ̀, yọjú wò ó bóyá ó dúró ṣánṣán. Nígbà náà ni wọn yóò tó máa fa okùn le ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn a sì máa wo afárá kí ó má tẹ̀ síwájú.

Títún Un Ṣe Nítorí Ohùn

Lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́, òpó tó sún mọ́ afárá máa ń mú ohùn mú, kí ó sì ṣe ṣàkó. Èyí tó jìnnà díẹ̀ máa ń mú un rọ̀. Òpó tó há jù máa ń fún ohùn lọ́rùn, pàápàá ti okùn tó nípọn. Èyí tó dẹ̀ jù máa ń jẹ́ kí ohùn ṣófo. Ìwọ̀n tí wọ́n ń sọ níhìn-ín kéré gan-an. Bí yíyípo kan bá ń fi ìdajì mìlímítà kún gígùn òpó, ìdámẹ́rin yíyípo yóò fi mìlímítà 0.125 kún un, etí sì lè gbọ́ ìyàtọ̀ náà. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ló yẹ kí wọ́n yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n dẹ okùn kí wọ́n tó yí i, kí wọ́n sì ta fáólìnì náà fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó tún fọwọ́ kàn án.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ojú ìlọ́ lágbára ju bí ọwọ́ ṣe mọ̀ lọ. Ẹni tó ń fi ọ̀bẹ gé igi kò lè fi òpó la pátákó láìmọ̀ bí ẹni tó ń yí nọ́ọ̀tì. Bí ojú fáólìnì bá là níbi òpó, àtúnṣe rẹ̀ ṣòro. Bí ẹ̀yìn ló bá là, ó tún ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òwe Yorùbá kìlọ̀ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Òjò àti Ọyẹ́

Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi ń yin òpó kábọ̀nù ni pé ọ̀rinrin kì í mú un wú, ọyẹ́ kì í sì mú un sún kì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò. Igi kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn tàbí kúrú ní òòró rẹ̀; ní ìbú rẹ̀ ló ti ń wú tó ń sún kì. Òòró igi sì ni òpó onígi fi dúró. Èyí fi hàn pé ara fáólìnì gan-an ló ń yí padà ju òpó lọ. Ní àkókò òjò, pátákó ojú rẹ̀ ń wú, ó ń ga sókè, òpó yóò sì dẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, pátákó náà ń sún kì, ó ń lọ sílẹ̀, òpó yóò sì há. Òpó kábọ̀nù kò lè dá èyí dúró.

Níbi yìí ni olùkọ́ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù lọ. Ẹni tó bá fún òpó mọ́ra nínú òjò nítorí pé ohùn ti ṣófo, tí kò sì rántí dín in kù kí ọyẹ́ tó dé, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pèsè bí fáólìnì náà yóò ṣe là.

Ìkádìí

Àǹfààní òpó ìgbàlódé kò ju pé ó ń gba àtúnṣe láì sí ọ̀bẹ lọ. Èyí kì í ṣe ohun kékeré níbi tí oníṣẹ́ fáólìnì ti ṣọ̀wọ́n. Síbẹ̀, kò sọ olùkọ́ di oníṣẹ́. Ohun mẹ́ta ló yẹ kí olùkọ́ orin mọ̀ dájú: kí ó yọjú wo inú fáólìnì ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, kí ó dẹ okùn lójú ẹsẹ̀ bí òpó bá ṣubú, kí ó sì kọ iye ìgbà tí ó yí òpó sílẹ̀, kí ó lè dá a padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn lè ní fáólìnì kan ṣoṣo. Bí ojú rẹ̀ bá rì nítorí àìmọ̀, kì í ṣe igi nìkan ló bàjẹ́. Ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí ì bá lò ó ti dúró.