Pàkúté inú ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì JAMB

Akẹ́kọ̀ọ́ Tápà tó bá fẹ́ wọ yunifásítì kò lè yẹ èdè Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ nínú ìdánwò JAMB. 60 ni ìbéèrè rẹ̀, 40 ni ti iṣẹ́ mẹ́ta yòókù níkọ̀ọ̀kan. Wákàtí méjì péré sì ni fún gbogbo 180 náà.

Ìbéèrè tó ní kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ tó bá gbólóhùn mu ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú, kì í sì í ṣe pé wọ́n gọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà: “àgbẹ̀ ti dé”, “àwọn àgbẹ̀ ti dé”. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo eléyìí: “The owner of the farms at Tapa ... arrived.” Ṣé “has” ni àbí “have”? “Farms” tó wà nítòsí ló ń tan ọmọ jẹ. Àmọ́ oko kọ́ ló dé, ẹni tó ni ín ni, ẹnì kan ṣoṣo sì ni. “Has” ló tọ̀nà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú fo “of the farms at Tapa” kó tó dáhùn.

Èyí tó wá le jù ni “together with”. “The farmer, together with his sons, has arrived” ni Gẹ̀ẹ́sì ń wí. Létí Yorùbá, bàbá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ti di púpọ̀, “wọ́n” ni wọn. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kì í ka àwọn tó tẹ̀ lé “together with” tàbí “as well as” mọ́ olùwà. Bó bá jẹ́ “and” ló wà níbẹ̀, “have” ni yóò jẹ́.