Ológò Inú Fóònù

Ní ayé àtijọ́, bí ẹnìkan bá jẹ gbèsè tí kò sì san án, olówó a máa rán ológò lọ sí ilé rẹ̀. Samuel Johnson ṣe àlàyé àṣà yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ológò yóò dógò ti onígbèsè nínú agbo ilé, yóò máa pariwo, yóò sì máa mú adìẹ àti ẹran ọ̀sìn tí ó bá rí, títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi sú gbogbo ará ilé, tí àwọn fúnra wọn yóò sì rọ onígbèsè kí ó lọ wá owó olówó. Nígbà tí àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ń kiri aṣọ àwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún ogún, ọgbọ́n tí ó jọ èyí ni wọ́n lò. Ibẹ̀ ni orúkọ Òṣómàáló ti wá: ẹni tí yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà títí yóò fi gba owó rẹ̀. Ìtìjú ni ohun ìjà àwọn méjèèjì, nítorí pé Yorùbá gbà pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ní ààlà. Ojú kò ní ṣàì rí ológò, ohùn rẹ̀ kò sì kọjá agbo ilé àti àdúgbò. Kò sí ẹni tí ó lè rán ológò sí gbogbo ènìyàn tí onígbèsè mọ̀ láyé ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní òde òní, ààlà náà ti wó, nítorí pé ológò ti kó wọ inú fóònù.

Bí aránṣọ kan ní Agric, ní ẹ̀bá títì tí ó ti Mile 12 lọ sí Ìkòròdú, bá nílò owó láti fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, tàbí bí obìnrin ẹlẹ́ja kan ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ bá ń wá owó díẹ̀ kún owó òwò rẹ̀, kò di dandan kí ó dé báǹkì mọ́. Yóò gba áàpù ayánilówó sórí fóònù rẹ̀, yóò dáhùn ìbéèrè díẹ̀, owó yóò sì wọlé. Láàárín ìbéèrè wọ̀nyí, ọ̀kan lè wà tí ó jọ ohun tí kò tó nǹkan: ṣé ó gbà kí áàpù náà wo orúkọ àti nọ́ńbà àwọn ènìyàn tí ó wà lórí fóònù náà? Ẹni tí owó ń pọ́n lójú kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá ti gbà, ẹ̀dà gbogbo orúkọ náà lè lọ sí ọwọ́ ayánilówó: ìyá ọkọ, pásítọ̀ tàbí lémọ́ọ̀mù, oníbàárà, olùkọ́ ọmọ. Bí ọjọ́ ìsanwó bá kọjá, àwọn ayánilówó kan a máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo wọn pé olè ni, pé oníjìbìtì ni.

Òtítọ́ ni pé gbèsè gbọdọ̀ di sísan. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ kò yá owó, olùkọ́ kò sì ṣe onídùúró. Orúkọ wọn kì í ṣe ohun ìní onígbèsè tí ó lè fi dógò.

Ìjọba kò dákẹ́. Ẹsẹ kẹtàdínlógójì nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ará ìlú, ilé rẹ̀, ìwé rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó bá sọ lórí tẹlifóònù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ Soko Lending nítorí irú ẹ̀sùn yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC, tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Ìkẹjà. Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ó pàṣẹ kí gbogbo ayánilówó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀. Láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Google kò gba áàpù ayánilówó láàyè mọ́ nínú ìsọ̀ rẹ̀ láti wo orúkọ àti àwòrán tí ó wà lórí fóònù ẹni. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún náà ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni, tí ó sọ pé ẹni tí ó ti yọ̀ǹda ọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ lè gba ìyọ̀ǹda náà padà nígbàkígbà.

Síbẹ̀, ìbéèrè kan wà tí ó jinlẹ̀ ju ti ayánilówó lọ: ta ni ó ni fóònù? Ẹni tí ó san owó rẹ̀ yóò ní òun ni. Ṣùgbọ́n onílé ni ẹni tí ó lè ṣí gbogbo yàrá, tí ó sì lè lé àlejò jáde. Gbogbo áàpù ni ó ní àkọsílẹ̀ tí ń pàṣẹ ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe. Bí a bá fi àkọsílẹ̀ náà pamọ́, ẹni tí ń lo ẹ̀rọ kò lè mọ iṣẹ́ tí áàpù ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Nítorí èyí ni Richard Stallman, ará Amẹ́ríkà, ṣe kéde iṣẹ́ GNU ní ọdún 1983. Ẹ̀tọ́ mẹ́rin ni ó ń bèèrè fún ẹni tí ń lo ẹ̀rọ: kí ó lè lo ètò náà bí ó ti fẹ́, kí ó lè yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò kí ó sì tún un ṣe, kí ó lè fún ẹlòmíràn, kí ó sì lè pín èyí tí ó tún ṣe.

Àǹfààní rẹ̀ kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé. Bí ẹni tí ń ta àgbo bá kọ̀ láti sọ ewé àti egbò tí ó fi sè é, ìgbàgbọ́ lásán ni olùrà fi ń mu ún. Bí ó bá sọ ọ́, kò di dandan kí olùrà mọ ewé. Ẹlòmíràn tí ó mọ̀ ọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì ké gbàjarè bí májèlé bá wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ṣíṣí nìkan kò tó. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland ní ọdún 1991, jẹ́ ètò tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní gbangba. Òun sì ni ìpìlẹ̀ Android, tí ń darí ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù tí a ń tà ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú fóònù wọ̀nyí ní áàpù tí ilé-iṣẹ́ fi sínú wọn tí olówó fóònù kò lè yọ. Ti fóònù tí a rà láwìn tún le ju èyí lọ: ẹni tí ó tà á lè ti ojú rẹ̀ pa láti ọ̀nà jíjìn bí owó oṣù kan kò bá wọlé. Ìpìlẹ̀ ilé wà ní gbangba, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Agbára díẹ̀ sì kù lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò. Kí ọdún 2015 tó dé, gbogbo ìyọ̀ǹda ni Android ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí a bá ń gba áàpù. Láti ìgbà náà ni ó ti ń béèrè wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a sì lè kọ̀ tàbí gbà wọ́n padà nínú Settings. Àmọ́ ohun tí ó ti jáde kò ṣeé pè padà: ẹyin ni, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Nítorí náà, ìgbà tí ìbéèrè bá hàn lójú fóònù gan-an ni ìgbà ìṣọ́ra. Ó yẹ kí aránṣọ tí áàpù ń béèrè orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀ rántí pé nǹkan àwọn ẹni ẹlẹ́ni ni a ń tọrọ lọ́wọ́ òun. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́.