Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fínfín ara dígí, ẹ ka èyí ná

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n yọ dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mi lọ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ l'Ékòó. Nígbà tí mo ra òmíràn, mẹkáníìkì mi ní kí n jẹ́ kí wọ́n fín nọ́ńbà ọkọ̀ mi sí i lára, kó má baà yá olè lára láti tún yọ ọ́ tà. Ọmọkùnrin kan mú ẹ̀rọ tó rí bíi bírò jáde, kò sì tó ìṣẹ́jú 5 tó fi parí. Bó ṣe ń fín in ló ń fi ẹnu fẹ́ eruku funfun rẹ̀ dànù. Kò bo imú, kò bo ojú.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń wádìí iṣẹ́ náà, torí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bi mí nípa iṣẹ́ tí ẹ lè fi kún owó oṣù yín pọ̀. Òde ìnáwó wa ò lè ṣe kó má nílò ife tí wọ́n kọ orúkọ sí, ẹ̀yin náà mọ̀.

Ẹ fi í wé iṣẹ́ àwọn tó ń fín igbá l'Ọ́yọ̀ọ́. Ọ̀bẹ máa ń gé ara igbá ni. Dígí ní tiẹ̀ kì í gé, fífọ́ ló ń fọ́. Gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ò ju pé kí ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́ níbi tí ẹ fẹ́, kí ìyókù má fọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹnu ẹ̀rọ fi gbọ́dọ̀ le ju dígí lọ. Carbide tàbí dáyámọ́ńdì ni wọ́n ń lò.

Ẹ̀rọ ọwọ́ méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ń gbọ̀n, òun ni tọmọkùnrin yẹn. Ìkejì ń yí, irú Dremel, òun ló sì dáa jù fún òdòdó àti àwòrán. Ẹ ya iṣẹ́ yín sórí pépà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ife, kí ẹ wá máa tọ ìlà rẹ̀ láti ìta. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ o, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ máa fi fóòmù tútù nu ojú ibẹ̀ lóòrèkóòrè: omi kì í jẹ́ kó gbóná jù, kì í sì í jẹ́ kí eruku fò. Àmọ́ kí omi má kan iná.

Dígí ọ́fíìsì tó funfun bíi kùrukùru ńkọ́? Iyanrìn ni wọ́n fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ sí i, wọ́n á ti fi sítíkà bo ibi tí wọn ò fẹ́ kó kàn. Benjamin Chew Tilghman, ará Amẹ́ríkà, ló gba ẹ̀tọ́ ọgbọ́n yìí lọ́dún 1870. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iyanrìn odò ṣe é. Eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò sì ní àtúnṣe. Aluminium oxide ni kí ẹ rà, kí ẹ sì ṣe é nínú àpótí tó dé pa.

Lésà náà wà, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ẹ sì mọ ọ̀rọ̀ iná wa.

Ìpara tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹ ó fi pa dígí, ẹ ó ṣàn án dànù lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ó parí. Ó rọrùn, àmọ́ mọ̀lẹ́bí hydrofluoric acid ni èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ásíìdì tó ń jẹ dígí fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé inú ike ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí. Ó lè kan ara kó má ta yín lójú ẹsẹ̀, kó tó di pé ó wọ inú ẹran dé egungun, kó sì da calcium inú ẹ̀jẹ̀ rú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé. Tó bá kàn yín, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sáré lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì dárúkọ ásíìdì náà fún dókítà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún dígí tí wọ́n kọ "tempered" sí nígun. Tí ẹnu ẹ̀rọ bá wọlé jù, gbogbo rẹ̀ á fọ́ túútúú lẹ́ẹ̀kan náà.

Tó bá jẹ́ èmi, ẹ̀rọ tó ń yí ni máa kọ́kọ́ rà, màá sì fi òfìfo ìgò ọtí kọ́ṣẹ́ fún bí oṣù kan kí n tó gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Mo padà mú ìbòmú lọ fún ọmọkùnrin yẹn. Ó dúpẹ́, ó ní ooru ò ní jẹ́ kóun lè wọ̀ ọ́.