Mo Ṣe Ipò Kìíní Nínú Eré Kẹ̀kẹ́, Ṣùgbọ́n N Kò Rí Ọmọ Mi Lẹ́yìn

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá gba ẹ̀yìn ìlú Ìkẹ́nnẹ́ kọjá ní kùtùkùtù ọjọ́ Sátidé, tí ẹ sì pàdé ọkùnrin kan tí ó ti lé ní ẹni ọgbọ̀n ọdún, tí ó wọ ṣòkòtò péńpé, tí ó dé akoto, tí ó ń wa kẹ̀kẹ́ ológeere wọ inú igbó lọ, tí àwọn ará ilé rẹ̀ sì tò tẹ̀ lé ara wọn bí ìjàlọ, ẹ má ṣe rò pé orí ẹni náà dàrú. Èmi ni.

Yẹ̀yẹ́ tí wọ́n ti fi mí ṣe nítorí ọ̀ràn yìí kò kéré. Ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀kọ ní àdúgbò wa bi mí léèrè pé, "Tíṣà, ṣé ìjọba kò tí ì san owó oṣù ni?" Ẹlòmíràn ní kí n tètè lọ gbàdúrà ọkọ̀. N kò bínú sí wọn. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí, ẹni tí ń wa kẹ̀kẹ́ ni ẹni tí kò rí owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà kò rí bẹ́ẹ̀ ní ayé àwọn bàbá wa.

Bàbá ìyàwó mi, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, ti sọ fún mi bí nǹkan ti rí nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé òbì gbànja ni ó mú kí orúkọ Ṣàgámù kàn dé Òkè Ọya, òun náà ni ó sì mú kí àwọn Hausa tẹ̀dó sí Sábó. Bàbá a máa fi ewé tẹ́ agbọ̀n, a kó gbànja sí i, a dè é mọ́ kárìà Raleigh rẹ̀, a sì gba ọ̀nà oko lọ sí ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Owó tí ó ti ìdí kẹ̀kẹ́ yẹn jáde ni ó fi gbé ìyá ìyàwó mi níyàwó. Ní ìgbà náà, bí olùkọ́ bá gun kẹ̀kẹ́ wọ abúlé, àwọn ọmọdé a máa sáré tẹ̀ lé e, àwọn àgbà a sì máa dìde kí i. Lẹ́yìn náà ni alùpùpù dé, tí ọkọ̀ sì pọ̀. Nígbà tí wọ́n sì ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, ojú gbogbo ènìyàn kọ sí ọ̀nà ọlọ́dà, koríko sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù sójú ọ̀nà oko.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń ta òbì ní Ṣàgámù ni ó kó wa wọ inú ọ̀ràn kẹ̀kẹ́. Ó lọ sí Èkó, ó sì ra kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ kan bọ̀, irú èyí tí a fi ń gun òkè. Kẹ̀kẹ́ òkè ni n óò máa pè é. Ó yàtọ̀ sí Raleigh àwọn bàbá wa. Táyà rẹ̀ sanra, ó sì ní eyín gbágungbàgun tí ó fi ń di ilẹ̀ mú. Jíà rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè fi gun òkè láìsọ̀kalẹ̀. Irin tí ó di táyà iwájú mú sì ní sípíríǹgì nínú, kí gbòǹgbò igi má baà ja apá ẹni. Kò pẹ́ tí èmi náà fi ra méjì, ọ̀kan fún ara mi, ọ̀kan fún ọmọ mi ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Àbúrò mi náà wá tirẹ̀.

Ojú títì ni a kọ́kọ́ gbà. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ àjàgbé kan sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, atẹ́gùn rẹ̀ sì gbá ọmọ náà sínú kòtò. Kò fara pa, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó mi gbọ́, ó ní bí mo bá tún mú ọmọ òun lọ sí ojú títì, kí n má ṣe padà wálé. Bàbá rẹ̀ ni ó yanjú ọ̀ràn náà. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ọ̀nà tí mo fi ń kó òbì ti parun ni?" Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó mú wa lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó sì nawọ́ sí i. Ọ̀nà náà ṣì wà. Ó gba abẹ́ igi òbì, ó gba àárín oko ẹ̀gẹ́, ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí etí odò kékeré kan, ó sì gun òkè ilẹ̀ pupa kan tí ó ń mú kí àyà máa lù kìkì. Láti ọjọ́ náà ni a ti fi títì sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé àwa ni a dá irú eré yìí sílẹ̀, àfi ìgbà tí mo kà nípa àwọn tí ó ṣáájú wa. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, òkè kan wà tí ń jẹ́ Tamalpais. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn ọ̀dọ́ kan ní agbègbè náà, lára wọn ni Gary Fisher, Joe Breeze àti Charlie Kelly, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ alátáyà sísanra jọ, wọ́n a gbé e gun orí òkè, wọ́n a sì sáré bọ̀ nísàlẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù October, 1976, wọ́n ṣe ìdíje àkọ́kọ́ ní ọ̀nà kan tí wọ́n sọ ní Repack. Bíréèkì àwọn kẹ̀kẹ́ náà wà nínú ìdí táyà ẹ̀yìn. Bí ènìyàn bá tẹ pẹ́dà sẹ́yìn ni ó ń mú. Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀, yóò ti gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí gírísì inú rẹ̀ yóò jó di èéfín, wọ́n a sì ní láti tú u kí wọ́n tún gírísì kì sí i. Ibẹ̀ ni orúkọ Repack ti wá: "tún un kì." Ní 1977, Joe Breeze fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó irin kẹ̀kẹ́ tuntun tí a ṣe fún òkè nìkan. Ní 1990, wọ́n ṣe ìdíje gbogbo àgbáyé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Durango ní ìpínlẹ̀ Colorado. Nígbà tí ó sì di 1996, eré àwọn ọ̀rẹ́ wọ inú ìdíje Olympics ní Atlanta, níbi tí Bart Brentjens ará Netherlands àti Paola Pezzo ará Ítálì ti gba wúrà.

Mo ka ìtàn yìí, orí mi sì wú. Mo ní àwa náà yóò ṣe ìdíje tiwa. Èmi, àbúrò mi, ọ̀rẹ́ mi olóbì, ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àti ọmọ mi. Láti ìdí igi òbì bàbá dé odò, ká gun òkè ilẹ̀ pupa, ká sì yí padà sí ìdí igi òbì. Àkùkọ adìyẹ kan ni ẹ̀bùn. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ọmọ mi wá bá mi, ó ní bíréèkì òun ń dún, kò sì ń mú dáadáa. Ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mo ń máàkì lọ́wọ́. Mo ní kí ó lọ sùn, pé n óò wò ó tí ilẹ̀ bá mọ́. Ilẹ̀ mọ́, n kò wò ó.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo sáré ní ọjọ́ náà. Mo yọ àbúrò mi sílẹ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́, mo yọ ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀ lórí òkè. Nígbà tí mo dé ìdí igi òbì, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè bí àwọn tí mo rí nínú àwòrán. Àbúrò mi dé. Ọ̀rẹ́ mi àti ọmọ rẹ̀ dé. A ń rẹ́rìn-ín, a ń nu òógùn. Mo ní, "Ọmọ mi ń bọ̀ lẹ́yìn." A dúró. Kò bọ̀. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Ibi tí ọ̀nà ti yí sí etí odò ni mo ti bá a. Bíréèkì kò mú, ó sì ti forí lé inú oko. Ìyá àgbẹ̀ kan ti gbé e jókòó lórí ebè, ó ti ya etí ìró rẹ̀, ó sì ti fi so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn wò mí, ó ní, "Bàbá, mo pè yín. Ẹ kò gbọ́." Ìyá àgbẹ̀ náà wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ìwọ ni bàbá rẹ̀? Kí ni ò ń lé lọ níwájú tí o fi fi èyí sílẹ̀ lẹ́yìn?" N kò rí èsì fún un. Mo sì tí ì rí i títí di òní.

Egungun ọrùn-ọwọ́ ni ó sán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni P.O.P. fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ńṣe ni ó dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní aya mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ obìnrin le ju ariwo lọ. Bàbá rẹ̀ ni ó pè mí sí ìkọ̀kọ̀. Ó ní ní ayé àwọn, bí àwọn olóbì márùn-ún bá jọ gbéra lóko, márùn-ún ni ó gbọ́dọ̀ dé ọjà. Bí táyà ẹnì kan bá jò, gbogbo wọn a dúró. Ẹni tí kò lágbára ni wọ́n ń fi sí iwájú, alágbára a sì wà lẹ́yìn.

Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo wá mọ̀ pé òfin tí ó jọ èyí wà nínú ọ̀kan lára ìdíje kẹ̀kẹ́ òkè tí ó le jù lọ láyé, ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín. Cape Epic ni orúkọ rẹ̀, ní South Africa ni wọ́n sì ti ń ṣe é láti 2004. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi ń sá a, nǹkan bí 600 sí 700 kìlómítà, lórí òkè àti nínú òkúta. Kò sí ẹni tí ń dá a sá. Méjì méjì ni wọ́n ń jọ sá a. Àwọn méjèèjì kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí ara wọn ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Bí wọ́n bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, wọn yóò jẹ ìyà rẹ̀. Ìgbà tí ẹnìkejì bá dé ni a tó ń ka àkókò wọn. Bí o yára bí àsá, bí èkejì rẹ ṣì wà lẹ́yìn, o kò tí ì dé.

Nígbà tí ọwọ́ ọmọ náà san, òun fúnra rẹ̀ ni ó ní òun fẹ́ padà sórí kẹ̀kẹ́. Ìyá rẹ̀ ní kò burú, ṣùgbọ́n òun náà yóò bá wa lọ. Ẹ̀rín pa wá, àfi ìgbà tí ó gun kẹ̀kẹ́! Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré lórí Raleigh kan náà, kò sì sọ fún mi rí. Òun àti ọmọ ni wọ́n ń wà níwájú báyìí, èmi ni mo wà lẹ́yìn pátápátá. Bí a bá fẹ́ díje, méjì méjì ni, ìgbà tí ẹnìkejì bá dé ni a ń wo aago. Èmi àti ọmọ mi kò tí ì gba àkùkọ rí, ṣùgbọ́n bí ó bá pè mí, mo ń gbọ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé eré àwọn òyìnbó nìkan ni èyí. Tom Ritchey, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú kẹ̀kẹ́ òkè ní California, lọ sí Rwanda ní 2005. Ó rí àwọn àgbẹ̀ tí ń fi kẹ̀kẹ́ onígi ru ẹrù ní orí òkè, ó sì lọ́wọ́ nínú ṣíṣe kẹ̀kẹ́ gígùn tí wọn yóò máa fi gbé kọfí. Ẹ kò ha rí i pé iṣẹ́ àwọn olóbì Rẹ́mọ gan-an nìyẹn? Ní 2012, Adrien Niyonshuti, ọmọ Rwanda, gbé àsíá orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní ìdíje Olympics ní London, ó sì sá eré kẹ̀kẹ́ òkè parí. Ní September 2025, Kigali ni gbogbo ayé péjọ sí fún ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú títì àgbáyé, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wá sí Áfíríkà. Ní tiwa, Ese Ukpeseraye, ọmọbìnrin Nàìjíríà, ní láti yá kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì kí ó tó lè sá eré inú pápá ní Paris ní 2024. Ó ní agbára, kẹ̀kẹ́ ni kò ní. Ọmọ tí a kò jẹ́ kí ó gun kẹ̀kẹ́ nítorí pé ó dà bí ìṣẹ́, báwo ni yóò ṣe gbé àsíá wa?

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ó bá wù, ẹ gba ìmọ̀ràn mi. Ẹ sá fún títì. Burry Stander, ọmọ South Africa tí ó borí nínú Cape Epic ní 2011 àti 2012, gun gbogbo òkúta láìsí ewu, ṣùgbọ́n ojú títì ni ọkọ̀ akérò ti pa á ní January 2013, ní ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ wo bíréèkì ní alẹ́, kì í ṣe ní àárọ̀, ẹ sì gba ọ̀rọ̀ ọmọdé gbọ́ tí ó bá ní ó ń dún. Ẹ dé akoto. Ẹ má ṣe fọn táyà le jù, kí ó lè di iyanrìn mú. Ẹ mú omi, pọ́ǹpù àti túúbù kan dání, nítorí kò sí fọkanáísà nínú igbó. Ẹ tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni oko, ẹ bi í léèrè ibi tí tàkúté wà, ẹ sì sọ̀kalẹ̀ fún ẹni tí ó ru ẹrù. Ẹ kí i pẹ̀lú: ó lè jẹ́ òun ni yóò fi etí ìró rẹ̀ so ọwọ́ ọmọ yín.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbẹ̀ náà pẹ̀lú ìró tuntun kan àti àkùkọ tí mo gbà. Ó gba ìró, ó dá àkùkọ padà. Ó ní kí n fún ẹni tí ó kẹ́yìn. Ọmọ mi ni ó ń sìn ín lẹ́yìn ilé wa di bí mo ti ń kọ ìwé yìí.