Ta Ló Ń Ya Screenshot Ọ̀rọ̀ Wa?

Lónìí, ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Mo wà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan lórí Facebook. Lóru ọjọ́ kan, arábìnrin kan kọ ọ̀rọ̀ nípa ilé ọkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má bínú, n kò ní sọ ohun tó kọ. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ tó bá yá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èsì ti kún abẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ṣé ẹ mọ ohun tí èmi rò? Mo ní, "Ètò ọ̀sẹ̀ yìí rèé!" Mo ya screenshot, mo fi pamọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ká wo bí irú ẹgbẹ́ báyìí ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn dáadáa ni FIN. Lola Omolola, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Chicago, ló dá a sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n jí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 276 gbé ní Chibok. Female in Nigeria ni orúkọ tó kọ́kọ́ jẹ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 2017, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ti lé ní mílíọ̀nù kan. Bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ bòńkẹ́lẹ́ ni nígbà náà: ẹni tó bá ti wà nínú rẹ̀ ló lè fa ẹlòmíì wọlé.

Kí ló dé tí obìnrin á fi sọ fún àjèjì ohun tí kò lè sọ fún ìyá tó bí i? Téèyàn bá sọ fún Mọ́mì, Mọ́mì á pe Àǹtí, Àǹtí á pe Bọ̀ọ̀dá, kó tó di ọjọ́ Àìkú ó ti di ìpàdé ẹbí. Wọ́n á ní kó fara dà á nítorí ọmọ. Àjèjì ní tiẹ̀ kò ní orúkọ ẹbí kankan tó fẹ́ dáàbò bò. Ìdí nìyẹn tí FIN fi ka dídá èèyàn lẹ́jọ́ léèwọ̀, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè sọ ọ́ tán.

Ìrànlọ́wọ́ gidi náà máa ń tibẹ̀ wá. Ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ ní Èkó lè má mọ̀ pé Mirabel Centre wà nínú ọgbà LASUTH ní Ìkẹjà láti ọdún 2013, àti pé ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ibẹ̀. Èsì kan ṣoṣo lè gbé e débẹ̀.

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Níbi tí wọ́n ti ń dirun, nídìí àjọ, àwọn ìyá wa ti ń sọ tinú wọn fún ara wọn tipẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nídìí irun, èèyàn ń rí ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ òun. Lórí fóònù, kò sẹ́ni tó ń rí ojú ẹni tó ń ya screenshot.

Èmi sì ni ẹni yẹn. Mo kọ̀wé sí arábìnrin náà ní inbox pé mi ò ní dárúkọ rẹ̀, màá sì yí ìlú padà. Ó dáhùn pé, "Àǹtí, ọkọ mi ń gbọ́ ètò yín." Àyà mi já. Bí mo tiẹ̀ yọ orúkọ kúrò, ta ni kò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀? Mo pa screenshot náà rẹ́, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀nba tí mo sọ lónìí, òun ló fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin admin, ẹ máa béèrè ẹni tó mú èèyàn wá kí ẹ tó gbà á wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀, Facebook gbà kéèyàn kọ̀wé láìfi orúkọ hàn tí admin bá ti ṣí àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n admin ṣì ń rí orúkọ yín o. Ẹ yọ iye ọmọ, iṣẹ́ àti àdúgbò kúrò nínú ìtàn yín. Àwa tí a ń kà á ńkọ́? Ohun tí wọ́n bá sọ fún wa níbẹ̀, ibẹ̀ ni kó parí sí.