Orúnkún Tí Kò Jẹ́ Kí A Kúnlẹ̀

Ẹni tí ó bá dúró ní Ìyànà Ìbà ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn dánfó bá ń já èrò sílẹ̀, yóò rí wọn: bàbá tí ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú kí ó tó lè sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ru ẹrù ní ọjà Alábà tí orúnkún rẹ̀ ti wú. Nínú ilé ìsìn pàápàá, àwọn kan máa ń jókòó gbàdúrà nígbà tí àwọn yòókù bá kúnlẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni wọ́n.

Ẹ wo orí eegun itan adìẹ, ohun funfun tí ó ń dán, tí àwọn ọmọdé máa ń họ jẹ. Irú eegun rírọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó bo orí eegun wa nínú orúnkún, kí eegun má baà máa ha eegun. Ní ibi púpọ̀, kò nípọn ju mìlímítà 2 sí 4 lọ. Ẹ̀jẹ̀ kò dé inú rẹ̀, nítorí náà ihò tí ó bá lu kì í sábà dí fúnra rẹ̀. Oníṣègùn William Hunter ti kọ èyí sílẹ̀ ní London ní 1743. Fífi òróró gbígbóná wọ́ ọ lè mú kí ara tuni (èmi náà ń ṣe é), ṣùgbọ́n kò lè dí ihò. Fọ́tò X-ray pàápàá kì í fi eegun rírọ̀ yìí hàn. Ẹ̀rọ MRI ni ó ń fi í hàn.

Richard Steadman, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, ni ó mú ọ̀nà kan gbajúmọ̀: a ó lu ihò wẹ́wẹ́ sí eegun lábẹ́ ibi tí ó bàjẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ sun jáde, kí ó dì, kí ó sì di àpá. Àpá ni o, kò lágbára tó ti àtilẹ̀wá. Ní Gothenburg, ní ilẹ̀ Sweden, ní 1987, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé díẹ̀ lára eegun rírọ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀, wọ́n mú un pọ̀ sí i ní ilé àyẹ̀wò, wọ́n sì gbìn ín padà. Ìròyìn wọn ní 1994 sọ nípa ènìyàn 23. Nínú 16 tí ihò wọn wà ní ìsàlẹ̀ eegun itan, 14 ni ó sàn dáadáa lẹ́yìn ọdún 2; nínú 7 tí tiwọn wà lẹ́yìn ọmọrí orúnkún, 2 péré ni.

Ihò kékeré lára ẹni tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ni irú iṣẹ́ abẹ wọ̀nyí wà fún. Bí orúnkún bá ti jẹ tán yíká, pípààrọ̀ rẹ̀ ni dókítà lè bá wa sọ. Ní Igbóbì, ilé ìwòsàn eegun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 fún àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́, a lè béèrè èyí tí ó kan wa.

Ṣùgbọ́n ilé ni iṣẹ́ náà ti ń parí. Lẹ́yìn lílu ihò wẹ́wẹ́ yẹn, ẹsẹ̀ kì í sábà gbé ìwúwo ara fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ọ̀pá abẹ́ abíyá ni a ó fi máa rìn. Ẹni tí ó bá tètè tẹ̀ ẹ́ lè ba àpá tuntun náà jẹ́. Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ sí ìwé, kí ọkọ àti aya jókòó sọ ọ́. Ta ni yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Ojo? Ta ni yóò pọn omi gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Okokomaiko? Bí ó bá jẹ́ ṣálángá ni ilé ní, báwo ni aláìsàn yóò ṣe lóṣòó?